Abẹ́rẹ́ Dókítà Ṣáínà àti Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mi

Ìwọ tí ẹ̀gbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, tàbí ìwọ tí o jókòó ti ẹni tí ó kọlù, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ ibi tí o wà. Mo ti dùbúlẹ̀ níbẹ̀ rí, tí ẹnu mi wọ́ lọ sí apá kan, tí itọ́ ń ṣàn sí mi láyà, tí eṣinṣin bà lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún tí n kò sì lè lé e. Sàlámì ni orúkọ mi, àgbẹ̀ oníṣu ni mí, ní abúlé kan lẹ́yìn Goro, lágbègbè Tchaourou. Ní àwọn ọdún ìyípadà ìjọba yìí, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni mo kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. N kò mọ ìwé dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí o lè mú èyí tí ó bá wúlò fún ọ níbẹ̀.

Àìsàn yìí kò dédé dé bá mi. Ó ti kọ́kọ́ fi àmì hàn, èmi ni n kò kà á sí. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, orí máa ń fọ́ mi láàárọ̀, láti ìpàkọ́ wá sí iwájú orí. Mo ní oòrùn ni. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi Sakínà sì rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ẹ ti yó ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ náà kú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà bọ̀ sípò. Mo ní bóyá mo sùn lé e. Bí irú èyí bá ṣe ọ́, jọ̀wọ́, dìde lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn tansiọ̀n, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ni. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń tan ènìyàn jẹ.

Àsìkò ebè ni, ọyẹ́ ti ń fẹ́. Èmi àti Jákọ́ọ̀bù wà lóko. Kìrìsìtẹ́nì ni Jákọ́ọ̀bù, oko rẹ̀ àti tèmi sì pààlà. Láti ìgbà tí a ti di géńdé ni a ti ń bá ara wa díje ebè kíkọ. Bí ó bá kọ tirẹ̀ dé ìdí igi òrí, èmi á kọ tèmi kọjá ibẹ̀. A ó máa bú ara wa láti oko dé oko, bí oòrùn bá sì mú, a ó jọ mu omi nínú kèrègbè kan náà.

Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, ọwọ́ kò jẹ́ mi. Mo tún gbìyànjú, ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹ̀ lábẹ́ mi, mo sì jókòó gbì sórí ebè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Jákọ́ọ̀bù ké láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ pé, "Ó ti rẹ̀ ẹ́! Ṣebí mo sọ fún ẹ pé o ti ń darúgbó!"

Mo fẹ́ bú u padà. Ohun tí ó jáde lẹ́nu mi kò dà bí ọ̀rọ̀ ènìyàn. Mo rí i tí Jákọ́ọ̀bù sọ ọkọ́ nù, tí ó ń fo ebè bọ̀. Ó wo ojú mi, ó gbé mi pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọdé, ó sì gbé mi dé etí títì.

Àwọn ènìyàn pé lé wa lórí. Ẹnìkan ní kí wọ́n fún mi ní epo pupa mu, ẹlòmíràn ti bu wàrà wá. Wọ́n da díẹ̀ sí mi lẹ́nu, ó gba ọ̀nà òdì, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Àlímọ̀ ìyàwó mi sáré dé. Ó fi ọwọ́ gbá igbá wàrà dànù.

"Ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́! Ẹ bá mi dá mọ́tò dúró!"

Rántí èyí: ẹni tí ẹ̀gbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù kò gbọdọ̀ mu ohunkóhun, títí tí ẹni tí ó mọ̀ yóò fi rí i pé ó lè gbé e mì. Mọ́tò akẹ́rù kan tí ó kó èédú ló gbé wa. Orí àpò èédú ni mo dùbúlẹ̀ sí dé Tchaourou, tí Àlímọ̀ gbé orí mi lé itan.

Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀, èrò kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n kún ilẹ̀, wọ́n kún abẹ́ igi. Àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe, àwọn aboyún, àti ọkùnrin kan tí ó ṣá ara rẹ̀ ládàá. Àlímọ̀ kò mọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó níwájú, tí ó dájú pé ó ti wà níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, wò mí ó sì dìde.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Tèmi ò tíì pa mí."

Gbogbo àwọn tó kù sì yà lọ́nà. N kò mọ orúkọ ìyá yẹn di òní. Bí mo bá kírun, mo máa ń fi í sínú àdúrà.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó wà níbẹ̀ di nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó tún un fẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà. "Mama, tansiọ̀n wọn ti ga jù. Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò yẹn lọ o, ẹ máa gbé wọn lọ sí lópitáàlì ńlá ní Paraku." Báyìí ni èmi àti èédú ṣe jọ dé Paraku.

N kò rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ dáadáa. A ta àgùntàn tí a ń sìn fún Iléyá láti fi ra oògùn, lẹ́yìn rẹ̀ a ta díẹ̀ nínú iṣu ọdún náà. Mo rántí ẹ̀rù. Mo rántí pé mo mọ orúkọ gbogbo nǹkan nínú ikùn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá yanu, ó di "lá-lá-lá". Nígbà tí tansiọ̀n rọlẹ̀, tí wọ́n rí i pé mo ti lè gbé omi mì, wọ́n ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn Ṣáínà.

Ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà ti rán àwọn dókítà wá nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà yàrá wọn kì í ṣófo. Àwọn ẹ̀yà Baatonu, Fúlàní, Dẹ́ńdì àti àwa Nàgó, gbogbo wa jókòó sórí ẹní, à ń dúró kí ó kàn wá. Dókítà tí ó gbà mí, obìnrin kékeré kan ni, Dókítà Mẹ́ì. Kò gbọ́ èdè kankan nínú èdè wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ṣáínà onídígí kan ni ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Faransé, tata Elísì (tata ni à ń pe àǹtí), nọ́ọ̀sì ọmọ Sàbẹ̀, á sì wá sọ Faransé náà fún wa ní Nàgó, èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n mi Múmúní wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá wa. Ó fẹ́ràn mi, àfi bí ẹni pé ìfẹ́ náà ń bá a jà. Nígbà tí ó rí i tí dókítà ṣí agolo, tí ó yọ abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìrù màlúù jáde, ó dìde dúró.

"Tata, oògùn wo ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn?"

"Kò sí oògùn nínú rẹ̀, tonton," ni ó dá a lóhùn, bí a ti ń pe àgbà ọkùnrin ní Faransé.

"Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú! Kí ló wá fẹ́ lọ ṣe nínú ara àbúrò mi?"

Tata Elísì sọ ọ́ ní Faransé. Onídígí sọ ọ́ ní Ṣáínà. Dókítà Mẹ́ì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí orí mi, ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ mi, ó yí ọwọ́ po lójú òfuurufú. Onídígí sọ gbólóhùn bíi méjì. Tata Elísì kọjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Ó ní yóò jí ara."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?"

"Ohun tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn, tonton."

Mo rẹ́rìn-ín. Apá kan ẹnu mi péré ló rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àlímọ̀ rí i. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti orí oko. Ó da ìborùn bojú, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀.

Wàá máa bi mí bóyá ó ń dunni. Ní apá òsì tí ara mi ti pé, ó dà bí ìgbà tí èèrà bá jẹ ni. Ní apá ọ̀tún, n kò mọ̀ ọ́n lára rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, bí ó bá ń yí abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, màá mọ̀ ọ́n bí nǹkan tó wúwo tó ń rìn nínú ẹran ara. Ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́rẹ́ nìkan. Bí ó bá ti yọ ọ́ tán, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà Mẹ́ì ti kọ́ ọ̀rọ̀ Nàgó kan ṣoṣo lọ́dọ̀ tata Elísì. Ó máa ń dúró ti ẹsẹ̀ mi, á na ìka sí i, á sì ké.

"Gbé e!"

Ẹsẹ̀ kò gbé.

"Gbé e! Gbé e!"

Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé ọwọ́, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé ṣíbí, ó sì sọ ọ́ fún ìyá kan tí ó kàn ń wá bàtà rẹ̀. Àwa aláìsàn wá ń pè é ní Dókítà Gbé-e. Òun náà mọ̀, ó sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń ké, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi mì. Ó mì díẹ̀ bí etí ewúrẹ́ tí kòkòrò bà lé. Àlímọ̀ hó yèè. Dókítà pàtẹ́wọ́. Onídígí gbàgbé Faransé, ó ń sọ Ṣáínà sí wa, gbogbo wa sì gbọ́ ọ yé.

Ṣùgbọ́n ara ilé kò sinmi. Ẹ̀gbọ́n Múmúní ti gbọ́ nípa bàbá kan ní ọ̀nà Kika tí ó máa ń fi òkúta gbígbóná wo ẹ̀gbà. Nígbà tí Àlímọ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ, ó gba òkúta náà wá. Ó dáná sí i lẹ́yìn ilé ìdáná lópitáàlì, ó fi ewé wé e, ó sì gbé e lé mi lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí Àlímọ̀ lọ pọn omi. N kò mọ nǹkan kan lára. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wò ó, bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Ibẹ̀ ni Dókítà Mẹ́ì wọlé. Ó rí èéfín. Kò sí tata Elísì, kò sí onídígí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní ni ó lò.

"Gbé e! Gbé e! Gbé e!"

Ẹ̀gbọ́n fò dìde, ó sì gbé òkúta náà kúrò kíá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ lẹ́yìn pé òun kò tíì gbọ́ Nàgó tó yé òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ náà ti yọ ìléróró. Àpá rẹ̀ wà lára mi di òní. Mo bẹ̀ ọ́, ẹsẹ̀ tí kò mọ ara kò mọ iná. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun gbígbóná kàn án, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn rẹ tó.

Ìtìjú òkúta yìí wá mú kí ẹ̀gbọ́n wá ẹlẹ́ṣẹ̀ mìíràn. Ó jókòó tì mí ní ọ̀sán kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sàlámì, àìsàn yìí kì í ṣe ojú lásán. Ta ló wà lóko pẹ̀lú ẹ? Ta ló ń bá ẹ díje? Jákọ́ọ̀bù ló ta á sí ẹ lára. Mò ń lọ sọ́dọ̀ délégé."

Ní àwọn ọdún yẹn, wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ àti oṣó kiri. Ẹni tí a bá dárúkọ fún délégé, aṣojú ìjọba àti olórí ìgbìmọ̀ abúlé wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe eré. Wọ́n lè mú un lọ, wọ́n lè mú kí ó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe níwájú ìlú. Ọkùnrin tí ó pọ̀n mí sẹ́yìn! Mo fi ọwọ́ òsì gbá ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mú. Mo fẹ́ sọ pé Jákọ́ọ̀bù kò ṣe nǹkan kan. Mo ti ọ̀rọ̀ náà, mo tì í, ohun tí ó jáde ni, "Já… Já… Já…"

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi dárúkọ rẹ̀!"

N kò tíì rí ọjọ́ tí ó burú tó ìyẹn nínú gbogbo àìsàn náà. Omi bọ́ lójú mi. Àlímọ̀, tí ó ti wọlé, wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Bàbá Sakínà, wò mí. Ṣé Jákọ́ọ̀bù ló ṣe ọ́ ní ibi?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ẹ rí i?"

"Orí rẹ̀ ò tíì pé," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ó lè máa mì ín lásán. Bí ó bá ní nǹkan láti sọ, kí ó fi ẹnu sọ ọ́. Mo dúró dè é di ọjọ́ ọjà Tchatchou tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe dá ọjọ́ fún ahọ́n mi. Dókítà Mẹ́ì gún mi níbi àgbọ̀n, ó gún mi lórí, ó ní kí n máa na ahọ́n, kí n máa kó atẹ́gùn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Mo lè sọ "Bisimillahi" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ìdíwọ́, nígbà tí mo bá fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ pe orúkọ ìyàwó mi, ó di "Àlá".

Àlímọ̀ ló kíyè sí i. Ó ń fọ aṣọ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń kọ orin ebè tí a máa ń kọ lóko, láìronú. Mo sì bá a gbè é. Ọ̀rọ̀ orin náà jáde lẹ́nu mi, gbogbo rẹ̀, bí omi. Àlímọ̀ ju aṣọ sínú ọpọ́n.

"Tún un kọ."

Mo tún un kọ.

"Àh! Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ló dí. Ọ̀nà orin ò dí!"

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀rọ̀ inú orin kúrò, ó ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí i, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń pààrọ̀ òkúta inú ògiri kí ilé má baà wó. Tata Elísì ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, kí á má dáwọ́ dúró. Àwọn tí a jọ wà nínú yàrá sì mọ ègbè rẹ̀ kí ọjà Tchatchou tó pé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, ó ti wọ aṣọ ìrìn-àjò. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó yá, Sàlámì. Mò ń gbọ́."

Mo mí kanlẹ̀. Àlímọ̀ fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn garawa. Mo gbé orin náà.

"Jákọ́ọ̀bù kò ṣe mí,
Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi gbé mi,
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe lọ o,
Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú mi."

Ohùn mi wọ́, ó ń yẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ jáde. Àwọn aláìsàn gbè é, "Ẹ má ṣe lọ o." Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ ń fi èkejì lu irin bẹ́ẹ̀dì. Dókítà Mẹ́ì yọjú láti yàrá rẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó wò wá, ó na ìka sí wa, ó sì ké, "Gbé e!" A tún un gbé.

Ẹ̀gbọ́n Múmúní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ìrìn-àjò rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi tí òkúta jó lé itan rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ pa á. "Ó ti tó, àbúrò mi. Mo gbọ́."

Jákọ́ọ̀bù dé ní ọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú àpò iṣu. Kò mọ bí òun ti súnmọ́ ewu tó. Ó ní, "Mo ti bá ẹ kọ ebè rẹ tán. Ṣùgbọ́n mo kọ wọ́n kéré, kí o má baà máa fi wọ́n yangàn." Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dìde, ó gba àpò iṣu náà lórí rẹ̀, ó sì dì mọ́ ọn títí ojú fi ti Jákọ́ọ̀bù.

Mo padà sílé lórí ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lú ọ̀pá. Fún ìgbà pípẹ́, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Tchaourou padà lọ gba abẹ́rẹ́. Láàárín ìgbà náà, Jákọ́ọ̀bù ń mú mi rìn láàárín ebè, ó ń bú mi ní gbogbo ọ̀nà. Àlímọ̀ ń na ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fún mi ní oògùn tansiọ̀n tí n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, wọ́n sì ní kí iyọ̀ ọbẹ̀ wa dínkù. Ìyẹn ló ṣòro jù fún Sakínà.

Nísinsìnyí, ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bi mí: ṣé abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́? N kò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní lópitáàlì. Dókítà kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, ọwọ́ ọ̀gá náà kò jí. Ìyá Fúlàní kan sì wà tí ó kọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gún òun. Ó ń fa ara rẹ̀ rìn lẹ́bàá ògiri lójoojúmọ́, ó sì ti ń rìn kí èmi tó lè dìde. Lọ́jọ́ tí Dókítà Mẹ́ì fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, mo bi í lójúkojú.

"Dókítà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé abẹ́rẹ́ yín ló gbé mi dìde?"

Ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, tata Elísì kò gé e kúrú.

"Ó ní òun ò lè sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ó ní àwọn kan wà tí òun gún tí wọ́n dìde, àwọn kan wà tí òun gún tí wọn ò dìde. Ó ní ara fúnra rẹ̀ máa ń tún ara ṣe ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó lè ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò tíì rí ẹsẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò gbé, tí ẹsẹ̀ náà wá dá gbé ara rẹ̀."

Tèmi ni pé abẹ́rẹ́ náà mú kí èjìká mi tí ó le gan-an rọ̀, mo sì ń sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún mú kí n ní ibi tí mò ń lọ, níbi tí ẹnìkan ti ń dúró dè mí tí kò gbà pé kò lè ṣeé ṣe. Bí o bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n gún, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì mọ́, gbà á. Bí o kò bá rí, má sunkún. Má fi oògùn tansiọ̀n sílẹ̀ nítorí rẹ̀, má sì fi ìrìn sílẹ̀.

Ní àjọ̀dún ìlú tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí àgbẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan yan kọjá ní Tchaourou pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Délégé wa ní, "Kamaráàdì Sàlámì, ẹ jókòó sọ́dọ̀ àwọn àgbà." Mo ní rárá, mo ti jókòó tó. Mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká òsì, mo sì bọ́ sí ìlà iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jákọ́ọ̀bù.

Fèrè bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ń yan, gbì, gbì, gbì. Èmi ń lọ, gbì-ṣàà, gbì-ṣàà, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń wọ́lẹ̀. Mo rí i pé wọ́n máa fi mí sílẹ̀. Jákọ́ọ̀bù wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Òun náà bẹ̀rẹ̀: gbì-ṣàà, gbì-ṣàà. Ìlà ẹ̀yìn rò pé bí a ṣe ní kí á ṣe é nìyẹn, wọ́n mú un. Ìlà tó tẹ̀lé wọn mú un. Nígbà tí a fi dé iwájú àwọn ọ̀gá, gbogbo abúlé wa ló ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ojú wa le koko. Àwọn ọ̀gá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn pe délégé wa lẹ́yìn náà, ó bi í pé níbo ni a ti kọ́ yíyan tó dára bẹ́ẹ̀. Délégé wò mí, ó rò ó, ó sì dáhùn:

"Kamaráàdì, lọ́dọ̀ àwọn Ṣáínà ni."

Bí mo ṣe wà nìyí. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ṣì ń bá mi jà. Bí òjò bá ṣú, èjìká máa ń rán mi létí. Ebè mi kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti padà sí mi lẹ́nu. Bí inú bá bí mi, ó tún máa ń sá díẹ̀, nítorí náà n kì í bínú mọ́, Àlímọ̀ sì gbádùn ìyẹn. Ó ti bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn àìsàn náà. Nígbà tí ọmọ náà ń kọ́ ìrìn, ọwọ́ ọ̀tún mi ni ó máa ń dì mú, àwa méjèèjì á jọ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ yí àgbàlá ká, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń kọ́ ẹnìkejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ó sì sáré fi mí sílẹ̀. Mo dúró sí àárín àgbàlá, mo ń rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú apá ẹnu mi méjèèjì.